Òpó Keje

Ní Dúlúùtù, òjò dídì ti gun fèrèsé wa dé ìdajì.
Èmi ni akọ̀wé ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ẹ má pè mí ní ọ̀jọ̀gbọ́n.
Iṣẹ́ mi ni kí n to àwọn tó fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé sínú àtẹ:
òpó kìíní, orúkọ; òpó kejì, ìlú;
òpó keje, máàkì ìdánwò àjùmọ̀ṣe nì
tí àádọ́sàn-án jẹ́ góńgó ìṣirò rẹ̀.

Ẹgbẹ̀rin èèyàn ó lé mọ́kànlá ló ń kanlẹ̀kùn.
Àga méjìlá la ní.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Bremseth bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ amúlégbóná.
Ó ní, "Ta ló lè ka gbogbo lẹ́tà yìí tán kó tó di Ẹtì?
Ẹ jẹ́ ká fi asẹ́ sẹ́ wọn.
Ẹni tí kò bá tó márùndínláàádọ́sàn-án, kó máa lọ."

Kunhiraman ò tètè fèsì. Ó ń bó ọsàn.
Ó ní, "Ọmọ Hibbing yìí, tí bàbá rẹ̀ ń wa irin nínú ilẹ̀,
mọ́kànléláàádọ́jọ ló gbà.
Òun náà ló rí kòkòrò tó ti ba fún ọdún mẹ́fà
sínú irinṣẹ́ tí gbogbo wa ń lò.
Torvald, ìwọ náà lò ó lánàá.
Bí asẹ́ bá sẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ dànù, ṣé eèrí la fẹ́ máa kọ́?"

Bremseth ní àwọn tó bá kan góńgó kì í sábà fìdí rẹmi
nínú kíláàsì òun, ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun.
"Kíláàsì lo wí," obìnrin náà dáhùn.
"Ọdún kẹta ńkọ́, nígbà tẹ́nìkan ò bi wọ́n ní nǹkan mọ́,
tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò wá ìbéèrè fúnra rẹ̀,
nọ́ńbà wo ló ti sọ ẹni tí yóò dúró?"
Yàrá dákẹ́. Òórùn ọsàn gba gbogbo ibẹ̀.

Wọ́n dìbò. Márùn-ún sí méjì. Wọ́n ní kí n bo òpó keje.
Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó pòórá,
òpó kẹjọ sún mọ́ ìkẹfà
bí ẹni pé nǹkan kan ò sí láàárín wọn rí.

Ṣùgbọ́n mo ti rí i.
Ìlà irínwó ó lé mẹ́fà: Mahrokh Sattarzadeh, Tabriz.
Káàdì báǹkì ìlú rẹ̀ kì í kọjá ẹnubodè,
kò rí ibi san owó ìdánwò nílé.
Ó wọ bọ́ọ̀sì òru lọ sí Yerevan,
ó ká dọ́là sínú ìbọ̀sẹ̀.
Ìdánwò jẹ owó òtẹ́ẹ̀lì, ó sùn sí ibùdókọ̀,
ó fi bàtà rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí.
Ìlà kan péré ló fi sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀.
Mọ́kàndínláàádọ́sàn-án.
Ẹ gbọ́ bí a ṣe ń pè é: ọ̀kan ló kù kó pé.
Orúkọ nọ́ńbà náà gan-an, ohun tí kò sí níbẹ̀ ló ń kà.

Mi ò ní kí wọ́n ṣí i padà. Àga tọ́ sí ọmọ Hibbing.
Àánú ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, mo gbà,
àánú náà kàn gba orí ẹnìkan kọjá ni.

Oṣù Ẹrẹ́nà, yìnyín ń sán lójú adágún.
Orúkọ rẹ̀ wà láàárín àwọn tó ń dúró bóyá àyè á ṣí.
Ó kọ̀wé sí mi:
"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé máàkì mi dé ọ̀dọ̀ yín?"
Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ:
A rí i.

"A" ni mo kọ.
Èmi nìkan ni.